Igbe "Júdásì" ní Manchester: Bí Àwọn Olólùfẹ́ Bob Dylan Ṣe Ń Rántí Ìrìn-àjò Orin Ọdún 1966

Ìfáárà

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1966, nínú gbọ̀ngàn Free Trade Hall ní ìlú Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan tó jókòó sínú òkùnkùn láàrin èrò ìwòran pariwo pe olórin tó wà lórí ìtàgé ní Júdásì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Olórin náà, Bob Dylan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó pé ọmọ ọdún 25, fèsì pé òun kò gba ẹni náà gbọ́, pé òpùrọ́ ni. Ó kọjú sí àwọn eléré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ohun èlò wọn dún dé góńgó, ni wọ́n bá gbé orin tó kẹ́yìn ètò alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí igbe òǹwòran mìíràn nínú ìtàn orin rọ́ọ̀kì tí ìwé, fíìmù, ètò orí rédíò àti ìtàn ẹnu gbé kiri tó èyí.

Ìrántí àwọn olólùfẹ́ olórin nípa ìrìn-àjò orin tó ti kọjá jẹ́ ẹ̀yà ìsọ̀tàn kan tó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa yóò ṣàkíyèsí pé ìdí tíkẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀: ibi tí wọ́n ti tò fún un, iye tí wọ́n rà á, ìjókòó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, òjò tó pa wọ́n, ọ̀rẹ́ tó bá wọn lọ. Orin gan-an a máa pẹ́ kí ó tó wọlé. Bí ó bá sì wọlé, kì í pẹ́ jáde. Kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Pé orin náà dùn kọ́ ni olùsọ̀tàn fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀; ohun tó fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òun wà níbẹ̀. Ọdẹ tó ń ròyìn bí òun ṣe pàdé ẹfọ̀n kò ní ṣàì sọ igi tí òun fẹ̀yìn tì.

Ìrántí ìrìn-àjò ọdún 1966 tẹ̀lé ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan tí ìrántí irú rẹ̀ mìíràn kì í sábà ní. Ìyìn ni olólùfẹ́ máa ń rántí. Níhìn-ín, púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní láti sọ ìdí tí àwọn, tàbí ẹni tó jókòó tì wọ́n, fi hó lé olórin tí wọ́n fi owó ara wọn wá wò lórí. Iṣẹ́ tí orin náà jẹ́ ti di ohun tí gbogbo ayé ń yìn. Dylan gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 2016. Ẹni tó hó wá dà bí ẹni tó dá ẹjọ́ èké. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe láti inú ipò yìí, àti bí àwọn tó wá lẹ́yìn ṣe ń gbọ́ ọ, ni ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn òǹwòran yìí kò tọ́ tán.

Ìrìn-àjò náà

Ọdún 1966 kọ́ ni Dylan kọ́kọ́ dé Free Trade Hall. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1965, òun nìkan ló dúró lórí ìtàgé náà pẹ̀lú gìtá tí kì í lo iná mànàmáná àti hàmóníkà tó so mọ́ ọrùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin ló ń dún ketekete. Alẹ́ yẹn ni òṣùwọ̀n tí àwọn ará Manchester gbé dání nígbà tí ó tún padà wá ní ọdún kejì.

Láàrin ìgbà méjèèjì, nǹkan ti yí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1965, níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ti Newport ní Amẹ́ríkà, ó gbé gìtá oníná jáde pẹ̀lú àwọn eléré mìíràn, àwọn kan sì hó lé e lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1966 ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tó gbé e káàkiri Amẹ́ríkà, tó kọjá sí Ọsirélíà, tó sì wọ Yúróòpù láti Stockholm ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin. Dublin, Belfast, Bristol, Cardiff, Birmingham, Liverpool, Leicester, Sheffield, Manchester, Glasgow, Edinburgh, Newcastle àti Paris ni wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó parí rẹ̀ sí London ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Karùn-ún. Àwọn tó bá a lọ ni ẹgbẹ́ eléré tí wọ́n ń pè ní the Hawks nígbà náà, tí ayé wá mọ̀ sí the Band lẹ́yìn náà: Robbie Robertson, Rick Danko, Richard Manuel àti Garth Hudson, pẹ̀lú Mickey Jones tó ń lu ìlù. Levon Helm, onílù wọn gan-an, ti fi wọ́n sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 1965. Ìhó àwọn èrò wà lára ohun tó sú u.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ètò alẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ní apá kìíní, Dylan nìkan ló máa ń kọrin, bí ti ọdún tó kọjá. Ní Manchester, orin méje ni ó kọ báyìí, gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́ fún un. Lẹ́yìn ìsinmi ni àwọn eléré tó kù máa ń jáde, tí wọ́n á fi iná sí ohun èlò wọn, tí wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀. Orin mẹ́jọ ni wọ́n kọ ní apá kejì. Ẹ̀yìn ìkeje ni igbe Júdásì jáde.

Ohun tó fi èdìdì sí ìrántí náà ni pé kò ní àtẹ̀lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, alùpùpù Dylan gbé e ṣubú nítòsí Woodstock. Kò tún rin ìrìn-àjò orin mọ́ títí di oṣù Kìíní ọdún 1974. Fún ọdún méje àti ààbọ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Dylan ṣe rí lórí ìrìn-àjò orin ní láti bi ẹni tó ti rí i.

Orúkọ tí kì í ṣe orúkọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwo orin kan tí iléeṣẹ́ kankan kò fọwọ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ dé ọwọ́. Igbe Júdásì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Royal Albert Hall ní London ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ ni, tàbí àṣìṣe; ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ gbà gbọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì ń fi ẹnu ròyìn fún àwọn ọmọ wọn. London ni olú-ìlú, gbọ̀ngàn náà lókìkí, ọ̀rọ̀ ńlá sì yẹ ibi ńlá.

Nígbà tí iléeṣẹ́ Columbia wá fi àṣẹ gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, wọ́n mọ̀ dájú pé Manchester ni. Wọn kò pa orúkọ London rẹ́. Inú àmì àyọlò ni wọ́n fi Royal Albert Hall sí lára páálí àwo náà. Àmì kékeré yẹn tó ọ̀rọ̀ sọ: ó jẹ́wọ́ pé orúkọ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń pè é. Ó ti di àlàjẹ́ àwo náà, àlàjẹ́ a sì máa bo orúkọ àbísọ mọ́lẹ̀.

Àríyànjiyàn tún wà lórí ẹni tó kígbe. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde, tí oníkálukú wọn ní òun ni. Àwọn oníwàádìí ti gbìyànjú láti fi ohùn wé ohùn, kí wọ́n fi ìjókòó wé ìjókòó, ọ̀rọ̀ náà kò sì fi ìgbà kan yanjú pátápátá. Ṣùgbọ́n fún lámèyítọ́, àkókò tí àwọn méjèèjì jáde ṣe pàtàkì ju èyí tó jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá dára ni ti bàbá. Ní ọdún 1966, èébú ni igbe náà, kò sì ní bàbá. Nígbà tí àwo fi í sí etí gbogbo ayé, tí ó di apá kan iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń yìn, bàbá méjì dìde fún un. Ìtìjú ti di ìwúrí láì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrántí àpapọ̀ máa ń ṣiṣẹ́: ìṣẹ̀lẹ̀ wà bó ti wà, ipò tí ẹni tó ń sọ ọ́ fi ara rẹ̀ sí ni ó ń yí.

Etí gbọ̀ngàn àti etí téèpù

Ẹni tó bá gbọ́ àwo ọdún 1998 láì tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń bí àwọn ará Manchester nínú. Ohùn Dylan mọ́ kedere. Gìtá Robertson ń gé bí abẹ. Dùùrù Hudson ń fò yí gbogbo wọn ká. Láti inú ìbéèrè yìí ni ìdájọ́ tó wọ́pọ̀ ti jáde, pé àwọn tó hó kò lóye, pé etí wọn di sí ohun tuntun.

Àṣìṣe ńlá wà nínú ìdájọ́ yìí, ọmọ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ló sì yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i. Ohùn tó wà nínú téèpù gba ẹnu makirofóònù wọ inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tààrà. Kò gba inú afẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn kọjá. Gbọ̀ngàn Free Trade Hall sì ti wà láti àwọn ọdún 1850. Ọ̀rọ̀ sísọ àti orin àwọn eléré àpapọ̀ tí kò lo iná ni wọ́n kọ́ ọ fún, ibẹ̀ sì ni ilé ẹgbẹ́ eléré Hallé fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ tó ń ró bí àrá sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohùn ń ta mọ́ ògiri, ó ń padà, ó ń pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀rí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣọ̀kan lórí èyí: ariwo náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n rí ẹnu rẹ̀ tí ń mì. Ohun tí ó ń sọ ni wọn kò gbọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun olùkọ́ èdè. Kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá gbọ́? Ohùn Dylan kò dùn bí ohùn olórin ìjọ, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó mọ gìtá ta ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n wá gbọ́. Ìlò èdè rẹ̀ ni ó gbé e ga, òun náà ni ìgbìmọ̀ Nobel rí ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Òǹwòran tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ariwo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akéwì lójú rẹ̀, tó sì bínú, kò ṣe ohun tó burú sí lítíréṣọ̀. Ó gbèjà rẹ̀ ni. Pé ọ̀rọ̀ wá ń dún ketekete nínú àwo kò sọ ọ́ di òpùrọ́.

Àwọn eléré pàápàá ṣubú sínú kòtò kan náà. Robertson ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé lẹ́yìn tí ètò bá parí, àwọn a máa padà sí hòtẹ́ẹ̀lì láti gbọ́ téèpù alẹ́ ọjọ́ náà, kí àwọn lè mọ ohun tó ń bí èrò nínú, àti pé ohun tí àwọn gbọ́ kò burú rárá. Báwo ni ìbá ṣe burú? Wọ́n ń fi etí téèpù ṣèdájọ́ ohun tí etí gbọ̀ngàn gbọ́.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti àwọn olórin rọ́ọ̀kì nìkan. Ní ọdún 1966 kan náà ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde ní Oxford, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kò lè fọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn. Lára ohun tí ìwé náà fi yé àwọn tó wà lókèèrè ni pé apìjálá kì í dá nìkan sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń ṣeré lọ́wọ́, tí ó ṣi oríkì pè, apìjálá mìíràn tó wà níbẹ̀ lè dá a lẹ́kun ní gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà á sì ní èsì tí yóò fọ̀. Àtakò náà wà lára eré. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú téèpù kí ó tó da ọ̀rọ̀ ìjálá kọ sínú ìwé ti kó egungun, ó fi ẹran sílẹ̀. Bí ojú yìí bá wo Manchester, yóò rí i pé igbe àti èsì rẹ̀ kì í ṣe ìdíwọ́ tó já lu eré lójijì. Eré ni, ó sì lè jẹ́ pé òun ni eré alẹ́ ọjọ́ náà ga dé jù lọ. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: láwùjọ apìjálá, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló máa ń ta kò ẹni tó mọ iṣẹ́. Ní Manchester, ẹni tó sanwó ló ta ko ẹni tó gbowó.

Ẹni tó lè jẹ́ Júdásì

Àwọn kan nínú àwọn olùsọ̀tàn máa ń sọ pé ìyàlẹ́nu ni gìtá oníná náà jẹ́ fún wọn. Ibí yìí ni ìrántí ti yẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1965 ni Dylan ti gbé àwo tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ orin oníná jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, òmíràn tún jáde. Orin "Like a Rolling Stone" dé ipò kẹrin láàrin àwọn orin tó tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Kò sí ọ̀dọ́ tó ní rédíò tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀ nígbà tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí wá ni wọ́n bá lọ? C. P. Lee, tó wà nínú gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó sì kọ ìwé *Like the Night* nípa rẹ̀ ní ọdún 1998, ṣàlàyé ayé àwọn ẹgbẹ́ orin ìbílẹ̀ tó wà ní àgbègbè Manchester nígbà náà. Fún wọn, orin ìbílẹ̀ kì í ṣe fàájì lásán. Ó so mọ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, mọ́ ìjà fún àlàáfíà, mọ́ ìkórìíra fún orin tí oníṣòwò ń tà bí ọṣẹ. Ewan MacColl, tí wọ́n bí ní Salford, ìtòsí Manchester gan-an, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní London, òfin ni pé orin ilẹ̀ rẹ nìkan ni kí o kọ. Ní ọdún 1965 ó ti fi ìwé bu ẹnu àtẹ́ lu Dylan. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọ̀dọ́, Dylan ni ẹni tó kọrin níbi ìwọ́de Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, lọ́jọ́ tí Martin Luther King sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tiwọn ni. Wọ́n lọ sí Free Trade Hall bí ẹbí ṣe ń lọ pàdé ọmọ tó fẹ́ sá lọ.

Bí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tó wà nínú igbe náà ṣe ṣiṣẹ́ nìyí. Ọ̀tá kò lè jẹ́ Júdásì. Àlejò kò lè jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ọ tọwọ́ bọ àwo kan náà nìkan ni orúkọ náà bá mu. Ẹni tó pe Dylan bẹ́ẹ̀ ń sọ nínú ọ̀rọ̀ kan péré pé: ọmọ ẹ̀yìn ni ọ́, ilé ni o ti jáde, owó fàdákà lo sì tìtorí rẹ̀ lọ. Èébú tó le tó báyìí kò lè ti ẹnu ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ rí jáde. Èsì Dylan náà kò ṣàdédé. Pé òun kò gbà á gbọ́ jẹ́ àkọlé orin kejì tó kọ lẹ́yìn ìsinmi alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó na ọwọ́ sínú àpò ara rẹ̀, ó mú ohun tó wà nílẹ̀ jáde, bí akéwì alohùn ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká a mọ́.

Ìhà kan wà tí ìrántí àwọn olólùfẹ́ kì í fẹ́ dé. Ọmọ Júù ni Dylan. Robert Zimmerman ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Pé èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jókòó ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọdún 21 lẹ́yìn ogun Hitler, tí ẹnì kan láàrin wọn pe ọ̀dọ́ Júù ní Júdásì, tí àwọn mìíràn sì pàtẹ́wọ́, kì í ṣe ohun tó yẹ kí ìtàn fò kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ẹni tó kígbe ní èrò náà lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ni ó ní in lára, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní ọdún 2012, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ìwé ìròyìn *Rolling Stone*, Dylan fúnra rẹ̀ tún mú un sọ pẹ̀lú ìbínú, pé orúkọ tí ayé kórìíra jù lọ ni wọ́n fi pe òun, kí ló sì fà á? Gìtá oníná. Ọdún 46 ti kọjá nígbà náà. Àwọn tó wà nínú òkùnkùn ti sọ ọ́ di ìtàn dídùn. Ẹni tí wọ́n jù ú lù ṣì mọ ibi tí ó ti bà á.

Kì í sì í ṣe pé gbogbo gbọ̀ngàn ló hó, bí ọ̀pọ̀ ìrántí ṣe máa ń fẹ́ kó rí. Téèpù, tí kò ṣeé gbára lé lórí bí ohùn ṣe dún, ṣeé gbára lé lórí èyí. Ìhó wà, ìyìn wà. Pàtẹ́wọ́ kan wà tí wọ́n ń pa díẹ̀díẹ̀, lọ́gbọọgba, láti fi lé e kúrò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan rìn dé iwájú ìtàgé, ó fún un ní ìwé pélébé kan. Ìròyìn sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ó ní kí àwọn eléré rẹ̀ máa lọ sílé. Dylan tẹríba fún un. Nígbà tí pàtẹ́wọ́ ìlénilọ náà pọ̀ jù, kò pariwo lé wọn lórí. Ó súnmọ́ makirofóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, wúyẹ́wúyẹ́, títí àwọn èrò fi dákẹ́ láti mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí gbogbo etí ti ṣí ni ó wá jẹ́ kí ìparí gbólóhùn náà yé wọn: bí wọn kò bá kàn ní máa pàtẹ́wọ́ le tó bẹ́ẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yìn ín. Ẹni tó lè fi ìkùnsínú gba ojú ọ̀nà etí padà lọ́wọ́ èrò tó ń bínú mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Ó jọni lójú pé ìrántí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé èyí kiri tó igbe Júdásì, bẹ́ẹ̀ òun ló fi bí olórin àti òǹwòran ṣe ń bára wọn jà, tí wọ́n sì ń bára wọn ṣeré, hàn jù.

Igbe di ègbè

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Cat Power, obìnrin olórin ọmọ Amẹ́ríkà, gun orí ìtàgé Royal Albert Hall ní London, ó sì kọ gbogbo orin alẹ́ Manchester láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdajì láìsí iná, ìdajì pẹ̀lú iná. Àwo rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Ibi tí àwo ayédèrú ní ó ti ṣẹlẹ̀ ni ó lọ, kì í ṣe ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Òǹwòran kan sì kígbe Júdásì. Kò dúró de àyè rẹ̀; orin kan ṣáájú ni ó ti ké e. Olórin náà fèsì, ó pe orúkọ Jésù.

Ìyípadà tó wà níbẹ̀ tóbi. Láàrin lílé àti gbígbè, igbe náà ti di ègbè tí èrò mọ̀ sórí, tí wọ́n ń retí àyè tí wọn yóò ti gbè é. Kò ní ìbínú nínú mọ́. Kò sí ohun tí ẹni tó ké e lè pàdánù, kò sì sí ẹni tó lè pa á lára. Ẹni tó ké e ní ọdún 1966 kò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ẹni tó ké e ní ọdún 2022 mọ̀ ọ́n láti orí dé ìdí. Ó dùn mọ́ wọn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìdùnnú. Ṣùgbọ́n eré àtúnṣe ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá gbé ẹ̀wù baba rẹ̀ wọ̀.

Fíìmù *A Complete Unknown*, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tún gbé igbe náà kúrò ní Manchester pátápátá. Ó gbé e lọ sí Newport, ọdún 1965, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn inú fíìmù náà parí sí. Àwọn olólùfẹ́ kan kùn. Wọ́n ní wọ́n ti ba ìtàn jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà kejì tí igbe náà ń ṣí kúrò nílé, àwọn tó ń kùn sì wà lára àwọn tó fi ogún ọdún gbà pé London ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo tó báyìí, ibi tí ìtàn bá nílò rẹ̀ ni ó máa ń wà. Àbùkù tó wà nínú ti fíìmù náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pariwo: ní Newport, igbe náà bọ́ sẹ́nu èrò tó ń gbọ́ ohun tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wá di igbe ìyàlẹ́nu. Igbe Manchester jẹ́ ti ẹni tó ti mọ̀, tó sì wá síbẹ̀ tòun ti ìmọ̀ rẹ̀.

Free Trade Hall kò ṣe ilé orin mọ́ láti ọdún 1996 tí ẹgbẹ́ Hallé ti kó lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn. Hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ti jẹ́ láti ọdún 2004. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, gbogbo ohùn tó ṣẹ́kù láti ìrìn-àjò náà jáde nínú àkójọ àwo 36, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè tẹ̀ lé wọn láti ìlú dé ìlú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, èrò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún rárá, nítorí pé olórin ni makirofóònù kọjú sí. Ní Manchester, igbe náà wọ inú téèpù nítorí pé ó bọ́ sí àárín orin méjì, nígbà tí àwọn eléré ń tún okùn gìtá wọn ṣe, tí gbọ̀ngàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.